Abẹ Tí Àlàní Kò Pọ́n

Ẹ̀yin òǹkàwé, Àlàní fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì fi ewé bò ó. Ìtìjú tó jẹ nídìí ọ̀rọ̀ náà ti tó ó. Ó ku kí ẹlòmíràn rí nǹkan kọ́ níbẹ̀.

Àlàní ti rìn láyé. Ó ti ru sìmẹ́ǹtì n'Íbàdàn, ó ti tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù dé Máídúgùrì, ó sì ti bá àwọn tó la títì Àgbádárìgì wa ilẹ̀ pupa títí èékánná ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí ìjọba pín owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ló já sí Òkòkòmáíkò. Irun ti ń funfun lẹ́bàá etí rẹ̀. Kò láya, kò sì níṣẹ́ kan tó lè pè ní tòun. Ohun tó ní ò ju rédíò kan, ẹ̀wù léèsì kan, aago ọwọ́ kan tó ń dán yanran, àti bàtà gogoro kan tó fi ń ga ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Ní ìkóríta, lábẹ́ igi furúùtù, ni Bàbá Mùsílíù, onígbàjámọ̀ ará Ìsẹ́yìn, ta àtíbàbà sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró, opó kan tó ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn. Àlàní lọ fá irùngbọ̀n níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó rí Àwẹ̀ró, kò sì fẹ́ kúrò lórí àpótí mọ́.

"Bàbá," ló wí, "ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mo lé ní ogójì díẹ̀, sà."

"Ilé ìyá wọn ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ń wá. Ìwọ, ilé ta lo ti ń bọ̀?"

"Ojú ọ̀nà ni mo ti ń bọ̀, Bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbà á.

Kò pẹ́ tí Àlàní fi yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún Àwẹ̀ró. Obìnrin náà kò yẹjú kúrò lórí ọṣẹ tó ń dì.

"Bọ̀dá Àlàní, ẹnu yín dùn. Àmọ́ kí lẹ ti bẹ̀rẹ̀ rí tí ẹ parí? Sìmẹ́ǹtì, ẹ sá. Ọkọ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ parí ẹyọ kan ṣoṣo kí n fojú rí i, kí ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀ ilé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àlàní lára ju òjò lọ.

Láàárín oṣù mẹ́rin ó ti mọ orí fá. Ìgbà náà ni Bàbá wá sọ̀rọ̀ gan-an. Ọdún náà, gbogbo ẹni tí owó epo kàn lára ló ń lọ Mẹ́kà, orúkọ Bàbá náà sì ti jáde.

"Ẹni tó bá mọ abẹ pọ́n ni yóò jókòó sábẹ́ igi yìí bí mo bá lọ. Fífá kì í ṣe nǹkan. Pípọ́n niṣẹ́. Lọ ra abẹ tí wàá fi kọ́ ọ."

"Ṣé kí n ra tuntun, Bàbá?"

"Tuntun fún kí ni? Bíbàjẹ́ lo máa bà á jẹ́. Ra èyí tí kò gbówó lórí, tí ọkàn rẹ kò ní bàjẹ́ tẹ̀lé e. Àmọ́ gbọ́ o, ọ̀tọ̀ ni ohun tí kò gbówó lórí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí kò dára. Kí ìpẹtà má ti jẹ ojú rẹ̀. Kó má sì wọ́. Gbé e lé orí dígí. Bó bá jókòó pẹ̀sẹ̀, rà á, kódà kó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó bá ń mì, dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Àlàní gba ọ̀nà Ìba lọ sọ́dọ̀ Mùsítúrà tó ń ta irin àlòkù. Obìnrin náà tẹ́ abẹ mẹ́fà síwájú rẹ̀ lórí àpò. Márùn-ún dúdú. Ọ̀kan funfun, èèkù rẹ̀ ń dán bí eyín ọmọdé, wọ́n sì ya ọkọ̀ ojú omi sí i lára.

"Ọkọ mi, èyí ni tìẹ," Mùsítúrà wí. "Ọ̀gá ṣójà ojú omi kan ní Néfì Táhùn ló tà á fún mi."

"Bàbá ní kí n ra èyí tí kò gbówó lórí."

"Láyé tówó wà yìí? Ìwọ tó o wọ bàtà yìí? Kí wọ́n wá rí ọ pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń họ ìdí ìkòkò?"

Àlàní bojú wo bàtà rẹ̀. Ó bojú wo abẹ funfun. Kò rántí dígí mọ́. Ó sanwó, ó sì ń fò bí ewúrẹ́ lọ sílé.

Bàbá gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn gbé dígí àwọn oníbàárà kalẹ̀, ó gbé abẹ funfun náà lé e, ó fi ìka kan tẹ orí rẹ̀. Abẹ náà mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì.

"Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n yà sí i lóòótọ́," Bàbá wí. "Ó ti ń tukọ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ pọ́n ohun tí kò lè jókòó?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàní padà sí Ìba, wọ́n bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kanrí, Mùsítúrà sì gba abẹ funfun padà, ó fún un ní ọ̀kan nínú àwọn dúdú. Èèkù ìwo ẹfọ̀n ni, kò sẹ́ni tó lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e lé orí dígí níwájú Bàbá. Abẹ náà jókòó bí ìyá àgbà.

"Ó ku ẹ̀kọ́," Bàbá wí. "Ẹ̀yìn abẹ àti ojú rẹ̀, kí méjèèjì jọ fara kan òkúta. Tì í síwájú. Yí i padà lórí ẹ̀yìn. Fà á padà. Má tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n ara rẹ̀ tó o. Bó o bá pọ́n ọn tán, ojúgun ara rẹ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i. Bó bá fá irun ojúgun rẹ, o lè gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Jímọ̀ tí oṣù bá pé mẹ́ta sí òní ni màá dán ọ wò."

Àlàní pọ́n abẹ. Ó pọ́n ọn láàárọ̀, ó pọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Ó fi gbogbo agbára tó fi wa títì Àgbádárìgì tẹ irin náà mọ́ òkúta. Tó bá gbé e lé ojúgun, irun á tẹ̀ bí koríko tí màlúù sùn lé, á sì tún dìde. Bí ẹni pé irun náà ń kí i.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé ìbínú lọ bá Mùsítúrà.

"Abẹ tó o tà fún mi ti kú!"

"Abẹ mi kò kú," Mùsítúrà fèsì. "Ọwọ́ rẹ ló ń ṣàìsàn. Àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Bàbá kan wà ní Ìjanikin, Ògúnlẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ kan irin, irin á gbọ́."

Àlàní ní òun ò lọ. Ó ní òun kì í ṣe oníjìbìtì. Lọ́jọ́ kejì ó wà nínú ọkọ̀ Ìjanikin.

Ògúnlẹ́yẹ jókòó sórí ẹní lábẹ́ òrùlé paanu. Arúgbó kúkúrú ni, ẹsẹ̀ lásán, ojú rẹ̀ mú bí ti ológbò. Ó fi ọwọ́ òsì gba abẹ, ó fi èékánná tọ́ ojú rẹ̀ wò.

"Ta lo fi eléyìí bá jà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi pọ́n ọn. Èló ni?"

"Ta ní bèèrè owó? Owó wà nílẹ̀ báyìí bí iyanrìn. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ní abíyá rẹ yẹn ni mo fẹ́."

Rédíò náà ń kọrin lọ́wọ́. Àlàní fà á mọ́ra. Ó rántí Jímọ̀. Ó rántí Àwẹ̀ró. Ó gbé e sílẹ̀.

Kó tó jẹ ẹ̀pà ẹ̀kún ọwọ́ kan tán, abẹ ti jí. Ó gbé e kan ojúgun. Irun ṣubú láìwí nǹkan kan.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, àwọn onímọ́tò àti àwọn onílé Ọ̀jọ́ tó jẹ́ oníbàárà Bàbá pé jọ sábẹ́ igi. Àlàní fá ojúgun, gbogbo wọn pariwo. Bàbá fi ọṣẹ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dijú. Abẹ náà rìn lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò.

Bàbá fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tún fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó dùn. Ta ló pọ́n ọn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì yìí."

"Ó dáa," Bàbá wí. "Máa fá àwọn oníbàárà. Èmi á máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró gbé àwo oúnjẹ kan fún Àlàní, ó sì bò ó. Ẹni tí obìnrin bá bo oúnjẹ fún ti kúrò ní àlejò. Àlàní jẹ oúnjẹ náà, ó dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ tán.

Ohun tí kò rò ni pé abẹ kì í mú títí ayé. Orí mẹ́wàá, irùngbọ̀n mẹ́wàá, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Lọ́jọ́ kẹfà, onímọ́tò kan fò dìde lórí àpótí.

"Ọ̀gá, ṣé abẹ lẹ fi ń fá mi ni àbí ṣíbí?"

"Irun yín ló le."

"Irun mi? Ìyàwó mi fi síṣọ́ọ̀sì gé e lánàá, kò pariwo!"

Àlàní tún wọkọ̀ Ìjanikin. Ògúnlẹ́yẹ tún gba abẹ. "Aago yẹn," ló wí, "ṣé ó ń lọ dáadáa?" Ó ń lọ dáadáa, ó sì bá Ògúnlẹ́yẹ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàtà gogoro ni. Ọ̀sẹ̀ tó tún tẹ̀lé e, ẹ̀wù léèsì aláwọ̀ búlúù tó rà lọ́dún Iléyá ni. Àlàní ń lọ ní ọlọ́lá, ó ń bọ̀ ní ẹni tí fìlà nìkan kù fún.

Àwẹ̀ró lójú.

"Bọ̀dá Àlàní, aago yín ńkọ́?"

"Mo gbàgbé rẹ̀ sílé."

"Bàtà ńkọ́?"

"Ó ń fún mi lẹ́sẹ̀."

"Abájọ tí ẹ fi kúrú. Ìjanikin tí ẹ ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, kí lẹ ń lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣàìsàn."

"Ẹ̀gbọ́n? Ẹ ní ẹ ò lẹ́nìkan láyé."

Ọjọ́ Sátidé ni ó bẹ́. Oníbàárà mẹ́rin ló jókòó, ọ̀kan ti fi ọṣẹ pa orí. Àwẹ̀ró dìde láti ìdí ọṣẹ, ó so ìró mọ́dìí, ó wá dúró níwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹ bá mi bi ọkùnrin yìí léèrè. Ó lóbìnrin ní Ìjanikin. Ó ti kó rédíò fún un, ó ti kó aago fún un, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá ló ti bọ́ fún un. Bó bá ti ní tiẹ̀, kó sọ ọ́, kí n má máa fi oúnjẹ mi ṣòfò!"

Gbogbo wọn yíjú sí Àlàní. Oníbàárà tó fi ọṣẹ pa orí ya ojú kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibí yìí ni Àlàní ní kí n dúró díẹ̀. Ó lè sọ òótọ́. Ọ̀nà òótọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó lọ́kàn pé bí wọ́n bá pe òun ní alágbèrè, èyí yóò kọjá. Bí wọ́n bá mọ̀ pé òun kò lè pọ́n abẹ, ibùjókòó abẹ́ igi lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tóun fẹ́ parí lọ, òun á sì tún di èrò ojú ọ̀nà. Ó tẹrí ba.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Obìnrin ni."

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá na ọwọ́ jáde. "Gbé abẹ yẹn wá."

Ó gbé e sójú oòrùn. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó mi orí.

"Àwẹ̀ró, jókòó. Obìnrin kọ́."

"Bàbá, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!"

"Irọ́ ló jẹ́wọ́. Ọkùnrin ni. Arúgbó ni. Ọwọ́ òsì ló ń lò."

Onímọ́tò kan ní, "Ha! Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ rọra o!"

"Ẹ wò ó," Bàbá wí, ó na abẹ náà sí wọn. "Ẹ̀yìn abẹ dà bí ojú ọ̀nà. Ibi tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ jù ló máa ń jẹ wọnú. Ẹni tó bá ń fi ọ̀tún pọ́n, ìsàlẹ̀ ibí yìí ni yóò jẹ. Èyí jẹ lódìkejì. Ẹnì kan péré ni mo mọ̀ tó ń pọ́n bẹ́ẹ̀. A jọ kọ́ṣẹ́ n'Ísẹ́yìn. Ọdún mẹ́fà la fi fá ara wa. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, bí abẹ ṣe kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi báyìí, mo fẹ́ sọ pé, 'Ògúnlẹ́yẹ, báwo nilé?'"

Àlàní ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn?"

"Mò ń retí kó o fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Mo rí aago tó lọ. Mo rí bàtà tó lọ. Mo ní, á sọ ọ́ kí ṣòkòtò tó lọ."

Ẹ̀rín bú káàkiri ìkóríta. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú, nígbà tó sì nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ì bá jẹ́ obìnrin ni, ǹ bá lọ bá a jà, kó tán síbẹ̀. Bọ̀dá Àlàní, ẹyọ iṣẹ́ kan tí mo ní kí ẹ parí, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn ṣe."

Ó padà sídìí ọṣẹ rẹ̀.

Bàbá ránṣẹ́ sí Ìjanikin. Ọjọ́ kejì, Ògúnlẹ́yẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òkòkòmáíkò. Léèsì búlúù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wọ́lẹ̀. Aago wà lọ́wọ́, bàtà gogoro wà lẹ́sẹ̀, rédíò ń pariwo lápá. Àwọn onímọ́tò rò pé olóyè ni, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un. Òun àti Bàbá Mùsílíù dì mọ́ra wọn, wọ́n sì ń bú ara wọn bí ọmọdé.

"Arúgbó olójúkòkòrò!"

"Arúgbó alásọjù! Ta ló ní kó o ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lówó?"

Bàbá wá dájọ́. Ògúnlẹ́yẹ ni yóò jókòó sábẹ́ igi títí òun yóò fi ti Mẹ́kà dé. Abẹ èèkù ìwo di ti Ògúnlẹ́yẹ, nítorí òun ló pọ́n ọn. Àlàní yóò máa gbá irun nílẹ̀ bó bá fẹ́ dúró. Bí kò bá fẹ́, títì wà níbẹ̀, wọn kò ì ká a kúrò nílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ Sókótó kan ń ké èrò ní ìkóríta. "Ẹyọ kan! Ẹyọ kan ló kù!" Ẹsẹ̀ Àlàní mọ ọ̀nà náà. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ó wẹ̀yìn. Àwẹ̀ró ń wò ó, ó sì tètè yíjú.

Àlàní kọjá lára ọkọ̀ náà, ó gba ọ̀nà Ìba lọ.

"Mùsítúrà, mú dígí wá."

"Ọkọ mi, mo ní tuntun kan tó ń dán..."

"Dígí ni mo bèèrè."

Ó gbé abẹ mẹ́sàn-án lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi èékánná wá ihò ìpẹtà lójú wọn. Èyí tó mú kò ní èèkù rárá, okùn ni wọ́n wé mọ́ ọn nídìí. Mùsítúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbowó rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá lọ Mẹ́kà, Àlàní ń gbá irun nílẹ̀, ó sì ń pọ́n abẹ onídìí okùn náà níwájú Ògúnlẹ́yẹ. Ògúnlẹ́yẹ kì í kọ́ni, ó máa ń jókòó wò ọ́ ni. Ọjọ́ kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Kí ni òkúta yẹn ṣe fún ọ?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Bàbá."

"Kí ló dé tó o fi ń bá a jà? Sọ fún mi, wọ́n ní o ti dé Máídúgùrì. Báwo lo ṣe débẹ̀?"

Àlàní bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ nínú iyanrìn, ti awakọ̀ tó sọkún, ti ràkúnmí tó jẹ fìlà òun. Bó ti ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé láti tẹ irin. Abẹ ń lọ, abẹ ń bọ̀, ó ń dún ṣì, ṣì, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ó dáa," Ògúnlẹ́yẹ wí. "Ìtàn mìíràn."

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, Àlàní ti sọ gbogbo ayé rẹ̀ fún un tán, àti èyí tó dáa àti èyí tí kò ṣeé sọ. Ojúgun rẹ̀ méjèèjì dán bí ẹyin.

Bàbá ti Mẹ́kà dé ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó di Àlàájì, irùngbọ̀n sì ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò tí ì wọlé tó fi lọ jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi. Èrò rọ́ tẹ̀lé e. Ó gba abẹ onídìí okùn náà, ó gbé e sójú oòrùn.

"Ta ló pọ́n ọn?"

"Èmi ni, Àlàájì."

Bàbá fi ọṣẹ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dijú. Àlàní mí kanlẹ̀. Abẹ náà rìn, ó rìn dáadáa, ó dé eegun àgbọ̀n, ó gbọ̀n díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo yọ, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Àwẹ̀ró dìde dúró.

Bàbá fi ìka kan ẹ̀jẹ̀ náà, ó wò ó.

"Ọdún mẹ́fà, Ògúnlẹ́yẹ kò gé mi rí," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì, ẹ foríjì mí."

"Kí ni mo fẹ́ forí rẹ̀ jì ọ́? Mo ti mọ ẹni tó pọ́n ọn." Ó yí ojú, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sókè fún un. "Fá ìhín náà."